Òdú Kì í Ṣe Àìmọ̀ fún Olóko

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹ̀fọ́ ni òdú. A máa hù káàkiri inú oko láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò rí i tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o mọ̀ pé láti ara ewébẹ̀ yìí ni ìlú ńlá kan ti gba orúkọ? Ìtàn tí àwọn ará Ìkòròdú jogún lọ́wọ́ àwọn baba wọn sọ pé Oko Òdú ni a ń pe ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òdú tí ó wà níbẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni ó yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di Ìkòròdú. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń wọkọ̀ kọjá ní ìlú náà lónìí, tí wọ́n ń pe orúkọ oko láìmọ̀ pé oko ni wọ́n ń pè.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí ìwọ àti èmi jọ wo ilẹ̀ tí ó wà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kí a wo bí ó ti rí, àti ohun tí ojú àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ ti rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mú dání bí o ti ń kà á lọ: ọjà lè kúrò níbi tí ó wà, ọ̀nà lè gba ibòmíràn, ogun lè dé kí ó sì tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni a fi ń tún ayé ẹni ṣe lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ilẹ̀ nù, kí ni yóò fi tún ayé rẹ̀ ṣe?

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti tẹ́. Bí o bá dúró ní Èkó, tí o sì kọjú sí àríwá kọjá ọ̀sà, apá ibẹ̀ ni Ìkòròdú wà. Bí o bá tẹ̀ síwájú sí ìhà ìlà-oòrùn, ìwọ yóò dé àwọn ìlú bí Ìmọ̀tà, Àgbọ̀wá àti Ejìnrìn, kí o tó dé Ẹ̀pẹ́. Omi wà ní gúúsù wọn; ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú igbó àti oko wọn, wà ní àríwá. Rántí èyí dáadáa, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ sí púpọ̀ nínú ìtàn tí ó ń bọ̀: omi níwájú, oko lẹ́yìn.

Omi ọ̀sà náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ọ̀sà Èkó sún mọ́ òkun, nítorí náà iyọ̀ a máa wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀sà Lekki, tí ó wà ní apá Ẹ̀pẹ́, jìnnà sí ẹnu òkun. Odò Ọ̀ṣun àti odò Oní ni ó ń tú omi sínú rẹ̀, kò sì ní iyọ̀. Nítorí náà ni ẹja bí àrọ̀ àti èpìyà fi ń yé sí i, tí òkìkí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ sì fi kàn dé ọ̀nà jíjìn.

Ní ti òjò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń pọ̀ lọ́dún. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, a sì máa le jù ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ, òjò a dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà òjò àrọ̀kúrò a tún dé títí di oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò wọlé. Nítorí bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ ibẹ̀ lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Iyanrìn wà nínú ilẹ̀ oko wọn. Omi kì í dúró lórí rẹ̀, gbòǹgbò sì máa ń ráyè wọlé, èyí tí ó bá gbáàgúdá lára mu púpọ̀. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá, nítorí òjò a máa fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa mọ èyí. Bí wọ́n bá ti gbin ilẹ̀ kan fún ọdún díẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ kí igbó bò ó, kí ó sinmi, kí ewé jíjẹrà sì dá ọ̀rá rẹ̀ padà. Ní àkùrọ̀ ẹ̀bá odò, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tán, wọn a gbin ẹ̀fọ́ àti ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kò ka èyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni, ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ sì ni pẹ̀lú.

Báwo ni oko ṣe ń di ìlú? Àgbẹ̀ kan yóò kọ́kọ́ pa ahéré láti sá sí nígbà òjò. Bí oko bá jìnnà sílé, yóò máa sùn níbẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ yóò bá a wá, ahéré yóò di abà. Ìbátan àti àlejò yóò tọrọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abà yóò di abúlé. Nígbà tí ó bá yá, wọn yóò ná ọjà, wọn yóò sì ní olórí tí yóò máa parí ìjà láàrin wọn. Báyìí ni ìtàn ṣe sọ nípa Ìkòròdú: àwọn ọmọ Rẹ́mọ láti Ṣàgámù dé ibẹ̀, àwọn mìíràn tí orírun wọn jẹ́ Bìní sì darapọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì di ọmọ ìlú kan náà lábẹ́ ọba tí à ń pè ní Ayangbúrẹ̀n. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ìtàn sọ pé ọdẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Huraka, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Kíyè sí i pé àgbẹ̀ àti ọdẹ ni ìtàn méjèèjì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé oníṣòwò olówó ni ó dá ìlú sílẹ̀.

Síbẹ̀ òwò kò pẹ́ kí ó tó dé, nítorí omi wà níwájú. Èrò láti Èkó a máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé iyọ̀, aṣọ, ọtí àti ìbọn wá. Àwọn ará ilẹ̀ Ìjẹ̀bú a máa gbé epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ oko wá pàdé wọn ní etí ọ̀sà. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí àlejò la ilẹ̀ wọn kọjá, nítorí náà etí omi ni ìpàdé àwọn méjèèjì. Nínú gbogbo ọjà etí omi wọ̀nyí, ti Ejìnrìn ni ó lókìkí jù. Kò tọ́ kí a fi apá kan ìtàn yìí pamọ́: a ta ènìyàn ní irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀, ẹrú àti ìwọ̀fà sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ro oko tí ó ń ru epo ní ayé ìgbà náà. Ọrọ̀ tí a fi òógùn ẹni tí kò lómìnira kó jọ kì í ṣe ohun tí a ń fi yangàn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi òwò ẹrú sílẹ̀. A sì gbà kí ó máa ṣòwò ní etíkun Palma àti Lekki. Ó padà sí Èkó ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá a wá kò padà mọ́. Ọmọ wọn ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, tí àwọn àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sì jọ ń gbé ìlú kan. Ogun ni ó lé wọn dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti omi ni ó dá wọn dúró.

Ìkòròdú náà rí ogun tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Ìkòròdú lọ́wọ́, òun ni ó ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn láti ọ̀sà sí òkè. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni ogun Ẹ̀gbá ṣe sàga ti ìlú náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán àwọn ọmọ ogun tí ó tú ìsàga náà ká. Ní ọdún 1892, ogun mìíràn tún kọjá ní Ẹ̀pẹ́: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà gòkè lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà sì ṣí fún gbogbo èrò.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí ó dé bá Ejìnrìn. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò kò lè wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọjà etí omi ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wá. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ẹni tí ó bá fẹ́ epo lè lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹrù òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí irin. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ilẹ̀ dé. Ọjà tí ó kún fún èrò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kò sí ogun tí ó tú u, kò sí iná tí ó jó o. Ọ̀nà ni ó kàn gba ibòmíràn. Bí o bá dé Ejìnrìn lónìí, ìlú kékeré tí ó dákẹ́ ni ìwọ yóò bá. Ṣùgbọ́n kò parun, nítorí ohun tí ó wà ṣáájú ọjà ṣì wà lẹ́yìn ọjà: omi wà, ilẹ̀ sì wà. Má gbàgbé èyí.

Mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan tí ó ti ń bọ́ àwọn ènìyàn agbègbè yìí láti ìgbà pípẹ́. Gbáàgúdá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, àwọn Pọtogí ni ó sì gbé e dé etíkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà tí ó padà láti ilẹ̀ Brazil ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá wà lára àwọn tí ó mú kí ṣíṣe gààrí tàn kálẹ̀ níhìn-ín. Bí a bá wú u, a óò bó o, a óò fọ̀ ọ́, a óò rin ín, a óò dì í sínú àpò, a óò sì gbé ohun wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè fún jáde. Àwọn ará Ìjẹ̀bú a máa jẹ́ kí ó pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì yan án lórí iná. Pípẹ́ yìí ni ó ń mú kí gààrí Ìjẹ̀bú kan lẹ́nu. Ó sì ní ìdí tí ó ju adùn lọ: oró ń bẹ nínú gbáàgúdá, ríri rẹ̀, pípẹ́ rẹ̀ àti yíyan rẹ̀ sì ni ó ń mú oró náà kúrò. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, nínú èéfín àti ooru. Nígbà tí o bá tún bu gààrí sínú omi, rántí pé ọgbọ́n àti làálàá ni o ń mu.

Bí iṣẹ́ náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá fún un? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mú gègé kò fẹ́ mú ọkọ́ mọ́. Ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú wọn gbà lọ láti wá iṣẹ́. Nítorí èyí ni ìjọba kan náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oko àpapọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960. Wọ́n fi àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè Israẹli ṣe é: wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, wọ́n fún un ní ilẹ̀ àti ilé, wọ́n sì yá a lówó. Àwọn kan ṣe àṣeyọrí; ọ̀pọ̀ ni kò lè ní sùúrù títí igi ọ̀pẹ àti kòkó yóò fi so, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì di apá kan rẹ̀, ṣì ní irú oko bẹ́ẹ̀ ní Odóńgunyán lẹ́bàá Ìkòròdú àti ní Àrágà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé ilé àti owó nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di àgbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé iṣẹ́ náà ní ọlá àti èrè tí kì í pẹ́ jù.

Kí a lè mọ iye ohun tí a ní, jẹ́ kí a fi wé ti ẹlòmíràn tí ó jìnnà sí wa. Ní ọdún 1865, ọdún kan náà tí a tú ìsàga Ìkòròdú ká, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní Gúúsù Ọsirélíà, George Goyder, fa ìlà kan sórí àwòrán ilẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ má ṣe gbin ọkà àlìkámà kọjá ìlà náà sí àríwá, nítorí òjò ibẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Òjò tí ó ń rọ̀ lórí ìlà náà lọ́dún kò ju nǹkan bí mìlímítà 250 sí 300 lọ. Tiwa níhìn-ín ju 1,400 lọ. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ dáadáa fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn ènìyàn sì fi Goyder ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí a bá ti ro ilẹ̀, òjò yóò tẹ̀lé ọkọ́. Ní ọdún 1878, wọ́n tilẹ̀ dá ìlú kan sílẹ̀ kọjá ìlà náà, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Farina, èyí tí ó túmọ̀ sí ìyẹ̀fun, nítorí wọ́n rò pé àlìkámà yóò kún ibẹ̀. Ọ̀dá dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà kó ẹrù wọn padà, ògiri àwókù ni ó sì kù ní Farina lónìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí òyìnbó gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ti ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n sì mọ ìwà ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi wọ́n?

Wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Farina fẹ́ oko níbi tí òjò kò sí. Àwa ní òjò, a ní ọ̀sà, a ní ilẹ̀ tí gbáàgúdá ń fẹ́, ṣùgbọ́n à ń fi wọ́n sílẹ̀. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, kò sí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré tó ti Èkó. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó sì jẹ́ omi. Apá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi tí ilẹ̀ oko rẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìlú ń gbilẹ̀ lọ. Ilé ń gun orí ebè; wọ́n ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà fún ilé kíkọ́, ibi tí ẹja ń yé sí sì ń bàjẹ́. Ewéko kan tí ń léfòó, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, gba orí omi wọ orílẹ̀-èdè yìí láti Benin ní ọdún 1984. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, a ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá kan ní Ìmọ̀tà, tí a kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ pọ̀ ju èyí tí oko Èkó lè pèsè lọ. Dandan ni kí a wá a dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. A ní ọlọ, a kò ní ọkà tí ó tó o.

Èmi kò sọ pé kí a má kọ́ ilé. Ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ibi sùn, ọ̀nà àti ilé-iṣẹ́ sì ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní oúnjẹ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 pẹ̀lú ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà fún ànfààní gbogbo ará ìlú, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹbí nìkan mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni èyí: nígbà tí ọjà Ejìnrìn wọ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀ láti padà sí. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ pàdánù oyè, omi Ẹ̀pẹ́ gbà á. Nígbà tí ogun kúrò ní Ìkòròdú, àwọn àgbẹ̀ ní oko láti lọ. Àdánù tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yìí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ó ti kọjá, nítorí ilẹ̀ gan-an ni à ń pàdánù. Owó ilẹ̀ a máa tán láàrin ọdún díẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti da kọnkéré sí kì í padà di oko mọ́.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́, gba ìmọ̀ràn mẹ́ta yìí. Èkíní, mọ ilẹ̀ rẹ. Bi àwọn àgbà ilé yín léèrè orúkọ odò àti igbó tí ó yí yín ká, ohun tí a ń gbìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Èkejì, má ṣe fi àgbẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bí o bá di dókítà tàbí amòfin, òun ni yóò máa bọ́ ọ. Bí ó bá sì wù ọ́ láti di àgbẹ̀, mú ìwé rẹ lọ sí oko, nítorí oko lónìí nílò ẹni tí ó lè ṣírò, tí ó lè ka ìwà ilẹ̀ àti ti kòkòrò. Ẹ̀kẹta, bí ọjọ́ kan bá dé tí a pè ọ́ sí ìpàdé ẹbí nítorí pé oníbàárà fẹ́ ra ilẹ̀ tí ó kù, má ṣe béèrè iye owó nìkan. Béèrè pé: kí ni àwọn ọmọ wa yóò padà sí?

Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí oko mọ́, ọmọ olóko gan-an yóò rí òdú lọ́jà, yóò sì béèrè pé ewé kí ni èyí. Má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tìrẹ.